Ohun Tó Wà Nínú Owó Aró

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bá òun kọ pátákó. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù irun, èmi ló ni ìwé kíkà. Bí wọ́n ṣe pín wa nílé láti kékeré nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi wá bóyá a fara mọ́ ọn. Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò kọ nǹkan kan sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó fẹ́ kí n kọ iye tí òun ń gbà sí i, kí ó dà bí ohun tí ẹni tó mọ̀wé kọ.

Mo ní, ó dáa, èló ni owó aró? Ó ní, "Gbogbo orí kọ́ ni orí." Mo ní, ṣé kí n kọ ìyẹn sí i? Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó fa pátákó: ṣọ́ọ̀bù kan ṣí ní òdìkejì títì ní oṣù tó kọjá. Mo ti sọ onítọ̀hún ní Pọ́ọ́kú, nítorí ohun tó kọ gàdàgbà sójú fèrèsé rẹ̀ nìyẹn: ARÓ IRUN, OWÓ PỌ́Ọ́KÚ. Kò tó ìdajì ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà. Àwọn oníbàárà ti ń sọdá. Ọ̀kan tilẹ̀ fi agboòrùn bojú kọjá nígbà tí kò sí òjò, tí kò sí oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ. Ìkà ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà mìíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Owó kan ṣoṣo ló ń gbà fún aró, gbogbo nǹkan sì wà nínú ẹ̀. Mo ní kí ó kà wọ́n fún mi. Ìjókòó àkọ́kọ́ — lọ́jọ́ yẹn kò ní kun nǹkan kan, yóò kàn máa bi ọ́ léèrè bí ọlọ́pàá: kí lo ti fi sórí rí? Nígbà wo? Ta ló bá ọ fi sí i? Yóò fi aró tí kò ju orí ìṣáná lọ kan ẹ̀yìn etí rẹ, kí ó mọ̀ bóyá ara rẹ yóò bínú. Yóò gé irun bíńtín ní ìpàkọ́ rẹ, yóò rì í sínú abọ́ aró, yóò sì jókòó tì í bí ẹni tó ń se ẹyin. Ìdánwò ló ń pe ìyẹn. Ó di ọjọ́ mìíràn kí o tó rí aró gan-an. Fífọ̀ wà nínú ẹ̀, gbígbẹ wà nínú ẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wàá padà wá kí ó yẹ̀ ọ́ wò, kò ní gba eépìnnì.

Mo ní, nínú gbogbo èyí, èwo gan-an ni aró? Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Mo ní Pọ́ọ́kú ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní Pọ́ọ́kú yóò rí Ọlọ́run.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ta ló ń fowó ra ìbéèrè? Ọ̀fẹ́ ni mo ti ń bi àwọn èèyàn láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti rí ojútùú. Ṣe ni ká tú owó náà palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù: ìbéèrè, èló, ìdánwò, èló, aró, èló, fífọ̀, gbígbẹ, àyẹ̀wò, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Kí oníbàárà mú èyí tó wù ú, kí ó fi èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Tí a bá yọ gbogbo yòókù, aró nìkan dín díẹ̀ sí ti Pọ́ọ́kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní mo ti ka ìwé mẹ́ta lórí ọrọ̀ ajé. N kò sọ fún un pé n kò tíì ta abẹ́rẹ́ rí. Ó mọ̀. Ibi ìkówèésí ni mo ti ń ṣiṣẹ́: a kì í ta nǹkan kan níbẹ̀, ohun tí a sì yá èèyàn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí i gbà padà.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ ọ́, mo fi pupa fa ìlà sí i. Ó rẹwà. Ìbéèrè àti ìdánwò ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì kọ "bí ẹ bá fẹ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wo "bí ẹ bá fẹ́" títí. Ó ní, "Àbúrò, ṣé bí awakọ̀ bá fẹ́ ni mọ́tò fi ń ní bíréèkì?"

Mo ní kì í ṣe mọ́tò là ń kùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti borí.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, kí n lè wo bí ọgbọ́n mi ṣe ń ṣiṣẹ́.

Oníbàárà àkọ́kọ́, akọ̀wé báńkì kan tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó dúró níwájú pátákó, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní, òun kò fẹ́ ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa. Akọ̀wé ní, òun náà kò ní sọ̀rọ̀, ṣé ìyẹn náà yóò tún mú nǹkan kúrò nínú owó? Ọ̀rọ̀ tòun náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ níbi iṣẹ́, ó ní.

Ọkùnrin kan wọlé lẹ́yìn rẹ̀, àgbà, oníwà tútù, iwájú orí rẹ̀ ti di pápá ìṣeré, ìdá kan nínú mẹ́ta ni irun ṣẹ́kù sí. Orí-Pápá. Kò jiyàn rárá. Ó kàn fi ọwọ́ pa orí, ó ní, "Ẹ wò ó, ọmọ mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé iye tí ẹ máa gba lọ́wọ́ ẹni tó ní kíkún náà lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo òde. Pátákó kò sọ nǹkan kan nípa pápá.

Ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì kan tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n yọ fífọ̀ kúrò. Omi wà nílé òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní aró kì í dúró de omi ilé. Nọ́ọ̀sì ní ṣebí ó wà lára pátákó pé èèyàn lè yọ ọ́. Ó wà lára pátákó. Bí wọ́n ṣe kùn ún tán ló fi ọ̀rá wé orí, ó jáde.

Ìrọ̀lẹ́, òjò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọrùn nọ́ọ̀sì ti di búlúù. Ó wá fi hàn wá. Ó fi hàn gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó pẹ̀lú, ó yí ká fún wọn bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà.

Ẹ̀gbọ́n mi bá a fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, láìgba owó. Ó ní nínú iṣẹ́ òun, ohun tí o kò bá fi sínú owó, inú ara rẹ lo máa ti yọ ọ́. N kò rí ìyẹn nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀dọ̀ Ìjọba la ti jẹun ọ̀sán. Ìjọba ni mo ń pe ìyá wa nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin Màmá" ni o. Ó ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pẹ́ débi pé bí ó bá ní "ẹ jókòó", àga pàápàá á jókòó.

Ìròyìn ńlá. Ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́. Kì í ṣe Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e ni. Wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, wọn yóò fi kọ́ sára ògiri títí ayé. Ó wá ku ìṣòro kan. Ọ̀gá àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ àná tí Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́ ní a-b-d, ti kun irun tirẹ̀ ní búráùn. Ìjọba kò ní jẹ́ kí ọmọ àná tàn ju òun lọ lọ́jọ́ òun. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kun tòun náà ní búráùn, èyí tó mọ́lẹ̀ ju ti ọmọ yẹn lọ.

Mo ní, kí ló ṣe dúdú? Gbogbo ayé ló mọ dúdú yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun orí rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Òun náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń gbọ́ láti kékeré ni: ẹ̀jẹ̀ tòun kì í hewú. Ìyá rẹ̀ kò hewú, ìyá ìyá rẹ̀ kò hewú.

Èmi hewú ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Báyìí, ó ti funfun ju ṣọ́ọ̀kì pátákó lọ. Àlàyé méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní, pé láti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá mi ni. Ìyẹn ni kò ṣeé já ní koro, nítorí bàbá wa ti pá kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì ní fọ́nrán irun kan tó lè wá jẹ́rìí. Èkejì, ìwé àkàjù. Ìjọba fẹ́ràn èkejì. "Ohun tó bá kún inú orí ló ń yọ sóde," bó ṣe ń sọ ọ́ níwájú àlejò nìyẹn, a sì máa fọwọ́ kàn mí lórí bí ẹni tó ń fi ohun àdánwò han kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ó ti kun irun tirẹ̀ léraléra débi pé òun gan-an kò mọ àwọ̀ tó gbé wáyé.

Ó tún sọ ọ́ lónìí. Àlejò ò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìjọba wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. N kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣì ń ṣọ́.

Ó ní Ìjọba wọ awò ojú, ó ka pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ bí ẹni tó ń máàkì. Ó yìn ín. Ó ní ọmọ òun ló kọ ọ́, ó hàn. Ó wá fi ìka lé "bí ẹ bá fẹ́." Ó ní òun kò fẹ́. Kí wọ́n yọ ìbéèrè, kí wọ́n yọ ìdánwò. "Ìwọ tí mo bí, kí lo fẹ́ dán wò lórí mi? Orí tí o gba abẹ́ rẹ̀ wáyé?" Kí ẹ̀gbọ́n mi kàn kùn ún ní àárọ̀ Àbámẹ́ta yìí kí ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, ṣé òun lè kọ̀? Nítorí pátákó mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà pupa.

Mo ní kí ni ìdánwò náà wà fún gan-an. Ó tó àkókò tí mo béèrè, lẹ́yìn tí mo ti tì í sí ìsàlẹ̀ pátákó. Ó ní kí irun dúdú tó lè di búráùn, èèyàn ní láti kọ́kọ́ fi bílíìṣì yọ dúdú náà. Àwọn aró kan sì wà, ti inú agolo kékeré, èyí tí wọ́n ń dà sínú omi, tí wọ́n ń tà níbi gbogbo: wọ́n ní irin nínú. Bí bílíìṣì bá bá irin yẹn lórí èèyàn, ṣe ni yóò máa gbóná. Ó ti rí èyí tó rú èéfín. Irun a máa já bọ́ sọ́wọ́ bí òwú tó rẹ, awọ orí a máa bó. Inú abọ́ nìkan lèèyàn ti lè mọ̀ ọ́n: gé díẹ̀, rì í, di abọ́ náà mú. Bí ó bá gbóná, dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, ṣùgbọ́n Màmá ni. Màmá kò fi nǹkan kan sórí rí. Ó ní, "Àbí kí n pe ìyá mi ní òpùrọ́ nítorí abọ́ aró?"

Mo ní rárá o.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kí ló dé tí gbogbo aṣọ ìnura ilé Ìjọba fi dúdú? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní ó ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Ta ló ń ra aṣọ ìnura kí ó lè bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀?

Ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù irun. Kò jẹ́ kí ó fọ orí òun rí. Ìyẹn náà.

N kò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo kàn ń bi ara mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìjọba ní kí n wá yẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní gbọ̀ngàn wò. Ó dára, ó gùn. Gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kò dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ ara wọn. Mo lọ fọwọ́ ní ilé ìwẹ̀.

Ọṣẹ funfun, dúdú ti wọ inú ìlà ara rẹ̀ bí èédú. Lẹ́yìn ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan, ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri. Kò sẹ́ni tó ń fi èédú fọ eyín nílé yẹn. N kò ṣí àpótí ògiri. Kò sí ìdí. Mo kàn dúró níbẹ̀, omi ń dà, mo di ọṣẹ mú bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ó pariwo láti pálọ̀ pé kí ni mo ń fi omi ṣe, ṣé ìwé ni mo tún ń kà níbẹ̀.

Mo padà jókòó tì í. Mo wo etí rẹ̀. Eteetí etí, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, dúdú díẹ̀ wà níbi tí kì í ṣe irun. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo ojú yẹn, etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

N kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bóyá ẹ̀rín, bóyá ìbínú. Ní ọdún tí mo pé ọgbọ̀n, mo fi ìwé kíkà sílẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin yìí. Oṣù mẹ́ta! Mo ń wo ògiri. Mo ń ka ẹ̀yìn páálí ṣúgà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Ewú kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti ṣíwọ́. Òun náà sì wà nínú ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kun ẹ̀jẹ̀ tí kì í hewú.

Ohun tí mo kọ báyìí, kò sẹ́ni tó máa rí i: ó tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan tí mo rò pé kí n dákẹ́. Òun ló ní kí wọ́n yọ ìdánwò. Ó wà lára pátákó.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa òwú tó rẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ti ṣẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì mi ni yóò sì jẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo rẹ aṣọ sómi, mo pa pátákó rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ó ní ṣé mo ti ya wèrè ni. Mo kọ ọ́ tuntun: ARÓ IRUN, OWÓ KAN. GBOGBO RẸ̀ WÀ NÍNÚ Ẹ̀.

Ó ní kí ló dé. Mo ní ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dára. Ó ní Màmá ńkọ́? Mo ní ti Màmá náà wà nínú ẹ̀.

Ó wo ojú mi. N kò sọ ohun tí mo rí. Ohun Ìjọba ni, kì í ṣe tèmi láti pín.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìjọba dé kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Àwa mẹ́ta péré. Kò tíì jókòó tó fi rí pátákó.

Ó ní, "Ta ló pa á rẹ́?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Ó dára tẹ́lẹ̀. Kí ló dé?"

Mo ní mo ṣe àṣìṣe, Màmá. Mo ní ìdánwò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu dígí tí kò ní ìdọ̀tí.

Ó wò mí. Mo mọ wíwò yẹn. Gbogbo ọmọ tó gba ilé-ìwé yẹn kọjá mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wò ọ́ títí tí wàá fi jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Lónìí n kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo kàn dúró pẹ̀lú orí funfun mi. Ó sì pẹ́ kí n tó rí i pé ojú ti kúrò ní ojú mi, ó ti gòkè, orí mi ló ń wò.

Ó jókòó. Ó ní kí a ti ilẹ̀kùn. Ó tú ìborùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Gé e. Láti ẹ̀yìn. Má gé e pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gé bíńtín, ó rì í sínú abọ́, ó gbé abọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. A ń dúró. Mọ́tò kan kọjá lóde. Ìjọba ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ọrùn rẹ̀ nà gbọn-ọn.

Mo rí i nígbà tí ó dé. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò yí padà — oníṣẹ́ ni — ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ náà láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì. Lẹ́yìn náà láti òsì sí orí tábìlì. Òórùn kan jáde, bí ti ìṣó tó ti wà nínú omi pẹ́. Ó da omi tútù sí i. Ó ṣe wàìì.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò ní "Màmá!" Ohùn tí ó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló fà yọ, èyí tó tutù bí ìpara. "Màdáámù, irun yín yìí, kò ní gba búráùn. Dúdú ló bá ojú yín mu jù. Mo ní ọ̀kan tó rọ̀, tí kò ní oró, orí irun ló ń jókòó sí. Ẹ padà wá ní Ọjọ́rú kí n fi í ṣe é. Lẹ́yìn ayẹyẹ, a ó máa gé ti àtijọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀."

Ìjọba ní, "Ohun tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Irọ́ tó gún régé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ó wé ìborùn padà. Ó ṣí pọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá wa kò san nǹkan kan níbẹ̀ rí, ìdí ni pé òun ló gbé oníṣọ́ọ̀bù wáyé. Ó ka owó sórí tábìlì, iye tó wà lára pátákó, kò ní kí wọ́n yọ ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé e. Ó ní, "Mi ò kàwé? Gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀."

Ní ẹnu ọ̀nà ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó ní kí n ra bàtà tuntun fún ọjọ́ ayẹyẹ, pé èyí tí mo wọ̀ dójú tì í.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìjọba ò pè. Àwa náà ò pè é.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní mo kà á ni. Ó ní nínú ìwé wo? Mo ní nínú ilé ìwẹ̀.

A rẹ́rìn-ín títí Orí-Pápá fi yọjú wọlé láti béèrè bóyá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ń sanwó. Ó fẹ́ kí wọ́n yẹ orí òun wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń gbá irun ilẹ̀ jọ. Ó ní ohun tó dun òun kò ju ọ̀kan lọ: Màmá lọ ra agolo olówó pọ́ọ́kú, nígbà tí òun wà níbí. Mo ní ta ló fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀? Ó ní àwọn obìnrin tó ń jókòó síbí ń sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọkọ wọn fún òun, òun kò sọ ọ̀kan jáde rí. Ìyẹn náà wà nínú owó, ó ní. Mo béèrè ìdí tí kò fi sí lára pátákó. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀dẹ̀. Tí a bá kọ ọ́, ta ló máa gbà á gbọ́?

Ìwé kẹrin lórí ọrọ̀ ajé nìyẹn. Gbólóhùn kan péré.

Nọ́ọ̀sì ti padà. Ọrùn ti mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Dúdú. Bí kóró iṣin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ fọ orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó sùn sórí bẹ́síìnì, ó hanrun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti bọ́ bàtà tuntun. Ó ti há mi lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bí ó ṣe rí kí oorun tó gbé mi.

Gbọ̀ngàn kún. Orúkọ rẹ̀ wà lókè ilẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà tuntun, ọmọ àná, sọ̀rọ̀, irun búráùn rẹ̀ ń dán; ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ débi pé Ìjọba dárí jì í níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìjọba sọ tirẹ̀. Bí mo ṣe rò, mo rí àwọn ọkùnrin mélòó kan tí wọ́n ń wo bàtà ara wọn.

Nígbà tó di àkókò fọ́tò, alága ẹgbẹ́ òbí sún mọ́ wa, ọkùnrin gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ kò mọ ògiri. Ó ní, "Màmá, irun yín yìí! Ẹ fi àṣírí ẹ̀ hàn wá!" Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà. Ìjọba ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni." Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo ní nínú mi pé, ó tán, a ti padà síbi tí a wà.

Alága yí sí mi. "Àbúrò wa yìí wá ńkọ́? Pẹ̀lú gbogbo òwú yìí? Ta ló jọ?"

Mo ti la ẹnu. Èsì mi ti wà lórí ahọ́n — àwọn bàbá mi, ìwé àkàjù, ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Ìjọba ní, "Èmi ni ó jọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alága fọwọ́ lu itan, ó ní Màmá, ẹ ò ní pa wá láyé yìí. Ọmọ àná náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Àwàdà tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, wọn yóò máa tún un sọ.

Ìjọba kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú ayàwòrán, ejìká sí ejìká.

Ayàwòrán ní kí àǹtí yìí jọ̀ọ́ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, funfun orí rẹ̀ ń gba gbogbo iná, yóò ba fọ́tò jẹ́. Ṣé kí ó yọ ọ́?

Ìjọba ní kí ó tẹ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà nínú ẹ̀."